Aṣọ Dùnmínínú Lọ́wọ́ Àǹtí Abọ́sẹ̀dé

"Àǹtí ní kí n má sọ."

Kànìnkànìn dúró lọ́wọ́ Adédoyin. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, ó ń wẹ Dùnmínínú kí ó tó lọ sílé ìwé, ọṣẹ sì ti bo ojú ọmọ náà débi pé kò rí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe yí padà. Ohun tí ó bi í kò le rárá. Ó kàn bi í pé ṣé Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ò tíì dá aṣọ yẹ́lò rẹ̀ padà ni.

"Kí ni Àǹtí ní kí o má sọ?"

"Mi ò mọ̀," ni Dùnmínínú wí, ó sì di ojú pọ̀.

Adédoyin da omi lé e lórí, ó nù ún, ó wọ aṣọ ilé ìwé sí i lọ́rùn, kò tún bi í ní nǹkan mọ́. Àṣírí kì í dédé wọ ọmọ ọdún méje lẹ́nu, àgbàlagbà kan ló ní láti fi í síbẹ̀.

Yàrá Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ló kọjú sí tiwọn nínú ilé Màmá Onílé ní Òkè-Ìlá nílùú Adó. Tíṣà ni, ilé ìwé tí Dùnmínínú ń lọ náà ló sì ti ń kọ́ni. Ó ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í jókòó sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará ilé kì í mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Aláriwo, gbogbo wa la mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ta ló mọ tiẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ló wá tọrọ aṣọ náà. Adédoyin fẹ́ mú ọ̀kan tí kò bá Dùnmínínú mu mọ́ fún un, ó ní rárá, èyí tí ọmọ ń wọ̀ lọ́wọ́ lòun fẹ́, òun yóò dá a padà. Orí oníbàárà kan ni Adédoyin ń dì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò ráàyè rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ká aṣọ fún un. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá Dùnmínínú dùbúlẹ̀.

Irun ni Adédoyin ń dì, ní ìta iwájú ilé. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn mọ ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. Bí ó bá ti dìrí tán fún oníbàárà, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á ṣa gbogbo irun tó já bọ́ nílẹ̀, á dì í sínú ọ̀rá, á mú un relé. Àwọn mìíràn á tún fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó dìde. Adédoyin kì í bínú sí wọn. Bí irun tó já lórí ènìyàn bá ṣeé lò fún ibi, aṣọ tó mu òógùn ọmọ ńkọ́? Ọmọ méjì ló sì ti sin kí Dùnmínínú tó dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ó ti sọ ọ́ fún Akínọlá ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní girama ní Ìgèdè, tó máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Akínọlá ní ẹ̀fọn ló jẹ ọmọ. Ó ní ṣebí ọmọ ti lo oògùn, ṣebí ó ti dìde, kí ló tún kù? Akínọlá mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbé àwọn méjì tó lọ yẹn lẹ́yìn títí wọ́n fi tutù.

Láti ìgbà náà ni Adédoyin ti ń ṣọ́ Àǹtí Abọ́sẹ̀dé. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ènìyàn kì í ṣàìrí nǹkan. Ó rí i bó ṣe ń gbé páálí òfìfo bọ̀ láti Ọjà Ọba. Ó rí àpò ìrẹsì tó ti gbó, ó rí òwú àràbà nínú garawa, ó rí bébà dídán tí wọ́n máa ń bá nínú páálí sìgá, bẹ́ẹ̀ tíṣà kì í mu sìgá. Lọ́jọ́ kan, ó rí i tó dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń pa adìẹ tà, tó ń ṣa ìyẹ́ funfun sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Bó bá dé, ìlẹ̀kùn á tì, ìró sísọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá.

Adédoyin bi í léèrè aṣọ náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sùúrù sí i, Ìyá Dùnmínínú. Ẹ ṣì máa rí i."

Kí ni òun máa rí? Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé jẹ, tó gbé sùn. Ó sọ fún Màmá Onílé, Màmá sì ní ìfura loògùn àgbà, ó ní páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Màmá Onílé ò ní nǹkan kan lòdì sí tíṣà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bá ní ata nínú.

Nígbà tí Dùnmínínú wá sọ ti "Àǹtí ní kí n má sọ" yìí, Adédoyin ò lè jókòó mọ́. Ó mú ọmọ dé ilé ìwé, ó padà, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ ilé lọ́dọ̀ fèrèsé tíṣà. Ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ ń gbé kọ́tìnì sókè sódò. Ó fi ọwọ́ ká a.

Ọmọ kan jókòó sórí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Aṣọ yẹ́lò Dùnmínínú ló wà lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ kò sí orí lọ́rùn ọ̀hún. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Ikùn rẹ̀ yó bámú. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n tò sí i lẹ́yìn ní apá kan, abẹ́rẹ́ olórí sì kún ibẹ̀ láti èjìká dé ìdí.

Igbe tí Adédoyin ké, oníbàárà tó ń dúró dè é níwájú ilé ló kọ́kọ́ sá. Màmá Onílé jáde pẹ̀lú ìró tó so mọ́ àyà, ó yọjú wo fèrèsé, ó sún sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù. Adédoyin ti mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká mángòrò. Ó kì í bọ fèrèsé, ó fi kọ́ nǹkan náà lọ́rùn, ó fà á jáde. Kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Ó wọ́ ọ dé àárín ẹ̀yìnkùlé, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Òwú ló wà níkùn rẹ̀, ó jó kíákíá. Òórùn ìyẹ́ tó ń jó gba gbogbo àdúgbò, Màmá Onílé sì ń da iyọ̀ yí i ká, a ò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

"Inú ulé mi kọ́ ni wọ́n máa ti ṣe irú uṣẹ́ yìí," ni Màmá ń wí. "Kó kẹ́rù rẹ̀. Kó kẹ́rù rẹ̀ lónìí."

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kún Adó, yàrá kan ò sì ṣeé rí mọ́. Tíṣà tí onílé bá lé nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́, ta ni yóò gbà á sílé? Adédoyin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lásìkò yẹn, inú rẹ̀ dùn sí i.

Wọ́n ṣì dúró ti eérú náà nígbà tí Dùnmínínú dé láti ilé ìwé, wọ́n tètè jáde lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ sáré gbé e, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fọwọ́ pa á lára. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ìdajì páálí kan ò jó tán, bébà dídán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹ́ kan tàbí méjì sì kù létí rẹ̀.

"Màmi," ló wí, "ìyẹ́ mi nìyẹn."

"Ìyẹ́ kí ni?"

"Ìyẹ́ áńgẹ́lì mi. Èmi ni Gébúrẹ́lì lọ́la." Ẹkún ti ń gùn ún. "Àǹtí ní kí n má sọ, kó lè yà yín lẹ́nu tí ẹ bá dé."

Ó sọ ìyókù pẹ̀lú ẹkún. Ọ̀la ni eré Kérésìmesì nílé ìwé wọn, gbogbo òbí ni wọ́n pè. Àǹtí ń fi páálí àti àpò ṣe aṣọ fún gbogbo wọn nítorí àwọn òbí ò lówó aṣọ eré. Àgùntàn ni wọ́n ń fi òwú ṣe, adé ọba ni wọ́n ń fi bébà dídán ṣe. Ti àwọn yòókù, kíláàsì ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ wò. Ìyẹ́ Gébúrẹ́lì nìkan ni kò ṣeé gbé lọ sí kíláàsì láìbàjẹ́. Dùnmínínú ò sì lè wọlé tọ Àǹtí lọ kí ìyá rẹ̀ má rí i. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ki òwú sínú aṣọ rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí ìyẹ́ yóò jókòó sí.

Adédoyin sọ ọmọ kalẹ̀. Ó wo Màmá Onílé, Màmá Onílé ń wo iyọ̀ tó dà sílẹ̀.

Báyìí ni Àǹtí Abọ́sẹ̀dé bá wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ló rù lórí, èyí tí yóò fi ṣe ẹnu ọ̀nà kíláàsì lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wo eérú, ó wo fèrèsé rẹ̀, ó wo ọ̀pá mángòrò.

"Ìyá Dùnmínínú, ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi ni."

Màmá Onílé ní kò burú, wọ́n ti gbọ́ pé eré ni, ṣùgbọ́n irú eré wo ni kí ènìyàn dá ère ọmọ ọlọ́mọ, kó sì gún un lábẹ́rẹ́? Ó ní ariwo ti dé ojú títì, òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé òun ní ilé àjẹ́, kí tíṣà jọ̀ọ́ máa wá ibòmíràn. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ fi hàn pé kò gba ti eré náà gbọ́ tán.

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé yí ẹ̀yìn sí Màmá. Ó kọjú sí Adédoyin.

"Ẹ̀yin lẹ ń dìrí fún mi," ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Ṣé mo ṣa irun mi nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín rí?"

Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Kò ṣa á rí. Adédoyin ló máa ń gbá a lọ dànù, kò sì fìgbà kan ronú sí i. Ìtìjú bò ó, ó gbóná lára rẹ̀ ju iná tó dá lọ. Tí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ìfura náà ò tíì kúrò níkùn rẹ̀ tán. Ó ṣì ń wo iwájú orí ọmọ rẹ̀ bóyá ibà tún ti ń bọ̀. Bí ìfura ṣe rí nìyẹn, ó rọrùn láti gbà wọlé, lílé e jáde ló ṣòro.

Nírọ̀lẹ́, ó wá páálí méjì, ó lọ ṣa ìyẹ́ funfun lọ́dọ̀ obìnrin aládìẹ kan náà. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó kan ìlẹ̀kùn tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ bá mi tún un ṣe fún un."

Ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé na téèpù àti sísọ́ọ̀sì síta, kò jáde.

"Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín," ló wí. "Èmi á máa júwe fún yín láti ibí. Ọwọ́ mi ò ní kan ọmọ yín mọ́. Bí ó bá sín lóru òní, èmi náà ni wọ́n máa sọ pé ó ṣe é."

Ohùn rẹ̀ ò le, kò sì gbọ̀n. Adédoyin rí i pé ẹ̀rù òun ló ń bà á. Òun, Adédoyin, ni wọ́n ń fura sí báyìí, wọ́n sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn ayálégbé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Onílé gbé àpótí rẹ̀ jókòó, ó gbé etí sílẹ̀. Adédoyin ò gba téèpù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ aṣọ ilé lọ́rùn Dùnmínínú, ó ku ṣìmí nìkan lára rẹ̀, ó ká aṣọ náà, ó sì kó o lé Àǹtí Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́ pẹ̀lú páálí àti ìyẹ́.

"Wọlé tọ Àǹtí lọ," ló sọ fún ọmọ. Ó gbójú sókè sí obìnrin kejì. "Ẹ ti ìlẹ̀kùn, Àǹtí. Ọyẹ́ ń fẹ́."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yà fún ọmọ, ọmọ wọlé, ìlẹ̀kùn sì tì.

Adédoyin fa àpótí kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Màmá Onílé, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

"Ìyá Dùnmínínú," ni Màmá wí jẹ́jẹ́, "ọmọ rẹ nìkan lo fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀, Màmá. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tó bá béèrè."

Nínú yàrá, sísọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé páálí. Adédoyin fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí tó jókòó lé mú, kò sì dìde.