Ejò Inú Lọ́rì Mi

Kò kí mi.

Mo ti páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, imú lọ́rì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lórúnkún, ó kọjú sí mi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n — kò sì kí mi. Sàlísù! Sàlísù fítà mi, mẹkáníìkì mi láti ọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé kí n tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ló ti ń pariwo: "Ejò dé o! Ejò Ọlágúnjú ti dé, ẹ kó ọmọ yín wọlé!" Gbogbo àdúgbò Asawase ní Kumasi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín, torí ariwo tí èéfín ń pa níbi tó ti ń jò lára ẹ́ńjìnnì mi, ṣi-ṣi-ṣi, bíi ti ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí, ó dákẹ́ bí ẹni tó gbé òkúta mì.

Ó dáa náà. Ó ti gbọ́ ni. Wọ́n ti sọ fún un pé mo gbé lọ́rì mi lọ fún fítà mìíràn ní Súámè Mágásìn, níbi táwọn fítà pọ̀ sí bí eèrà. Ojú ń tì í. Kó tì í dáadáa! Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Kó jókòó síbẹ̀ kó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì mi ṣe dákẹ́ — bí eṣinṣin bá wúkọ́ nínú ẹ̀ màá gbọ́ — kí n wá sọ̀kalẹ̀, kí n sọ ọ́ sí i lójú, níwájú gbogbo àdúgbò, pé èmi àti ẹ̀ ò da nǹkan kan pọ̀ mọ́. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwa méjèèjì ṣì dúdú… ẹ̀hẹ́n, ó tán.

Mánífóòdù lásán! Irin tí èéfín ń gbà jáde ni, kì í ṣe ọkọ̀ òfúrufú. Á tún un ṣe, màá wà á dé Ejura lọ kó iṣu, kí n tó padà dé — ṣi-ṣi-ṣi. Èéfín á kún inú ọkọ̀. Orí á máa lù mí bí ẹni pé wọ́n ń gún fùfú nínú ẹ̀. Ojú mi á pọ́n bíi tẹni tó sùn sínú àgbá akpeteshie, ògógóró wọn níbí, èmi tí mi ò mọ bó ṣe ń rùn… Ó dáa, mo mọ bó ṣe ń rùn. Ìyẹn kọ́ la ń sọ.

Gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dí ojú irin kí èéfín má jò, èyí tó ti pààrọ̀ fún mi, bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀, á dé Tamale, á ṣẹ́kù èyí tí wọ́n á fi kan òrùlé mọ́ṣáláṣí. "Ó máa dúró báyìí, wallahi." Kì í dúró. Á tún fún bóòtì le, á fún un le, títí á fi ṣẹ́ sínú. "Ọlágúnjú, tan iná síbí fún mi." Lọ́sàn-án gangan! "Sún un mọ́ mi." Màá sún un, màá sún un, títí tọ́ọ̀ṣì á fi fẹ́ wọ̀ ọ́ nímú. Mo ní ó kàn ń fi mí ṣẹrú ni.

Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Godfred, fítà Mágásìn yẹn, tó ń jẹ ṣíǹgọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́. Ó yọ mánífóòdù, ó nu ojú ẹ̀, ó fi rúlà onírin lé e, ó gbé méjèèjì sókè sí òòrùn. "Papa, hwɛ." Mo wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rúlà, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ò pa dé dáadáa. Irin náà ti ká kò! Iná ẹ́ńjìnnì ti ká a kò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. "Gáskẹ́ẹ̀tì kankan ò lè dí i, Papa, àfi ká fá ojú ẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹni tó bá ṣáà ti wò ó á rí i." Wọ́n fá a lórí ẹ̀rọ. Ejò kú.

Ẹni tó bá ṣáà ti wò ó…

Sàlísù sì ní rúlà. Òun nìyẹn lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀, ó ti dípẹtà. Nígbà kan, rúlà yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, àfi bíi pé òun ló fi ń jẹun. Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó fi ejò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi kí ó lè máa fi mí ṣẹ̀rín. Abájọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fi gbẹ. Kò sí ọkọ̀ kankan níbí lẹ́yìn tèmi, ó ti pẹ́. Mo ti ń rí i. Mo tiẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀.

Ti Jímọ̀ ló burú jù. Lọ́rì wà ní Mágásìn, mo fẹsẹ̀ rìn lọ kírun. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó di apá Rùqáyyà ọmọ ẹ̀ mú bí ọkọ ìyàwó. Mo na ọwọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ o — mo jù ú lọ, Iléyá kan péré ni, ṣùgbọ́n mo jù ú lọ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kí mi. Ó kọjá lára ọwọ́ mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Rùqáyyà ló yíjú padà: "Bàbá, ẹ káàsán, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n —" Mi ò dúró gbọ́. Èmi! Ọwọ́ yẹn ṣì ń ta mí di ìsinsìnyí.

Rùqáyyà nìyí tó ń gbé abọ́ wàákyè, ìrẹsì òun ẹ̀wà, jáde fún un. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ó mú ọwọ́ bàbá ẹ̀, ó fi kan etí abọ́. Ó fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Ó padà wọlé. Wò ó, àgbàlagbà, bí ọmọ ọwọ́. Ó ń wá omi báyìí. Ike omi pupa ni, ó wà níwájú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mo ń rí i láti inú ọkọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ń rìn lórí bẹ́ǹṣì. Ó kọjá lára ẹ̀. Ó padà. Ó kàn án — ó ti dà á nù.

Dúró.

Dúró ná…

Òòrùn wà lójú ẹ̀ gangan, òòrùn Kumasi tó lè din ẹyin. Kò ṣẹ́jú.

"Sún un mọ́ mi…" Lọ́sàn-án gangan. Rúlà tó dípẹtà… kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìka ò lè rí i. Ìka ló fi ń tún un ṣe fún mi. Ìka! "Ejò dé o" — kí n tó ṣílẹ̀kùn. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo ló ti jẹ́ pé etí ló fi ń mọ̀ mí? Lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò gbé lọ́rì. Mo di ẹnu mi bí àpò gaàrí, mo ń dúró de ìkíni.

Òpùrọ́ àgbà. Kò lè sọ fún mi. Ó jẹ́ kí n máa fa èéfín láti ibí dé Ejura. Àmọ́ fítà tí ojú ẹ̀ ti lọ… ta ló máa gbé ọkọ̀ fún un? Èmi nìkan ló kù. Èmi ni mo wá sọ pé ó tán yìí.

Ó ti ń tẹ́ etí báyìí. Ó mọ̀ pé nǹkan ńlá kan dúró síwájú òun, kò mọ nǹkan ọ̀hún. Mo wa ọkọ̀ tọ̀ ọ́ wá jẹ́jẹ́ bí olè. Èébú tí mo kó wá, tó lè kún ọkọ̀ ojú irin… ọ̀kan ò sí lẹ́nu mi mọ́.

Bí mo bá dárúkọ ara mi, ó ti mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Eyín tó kù fún mi ò pọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn bó ṣe wù ú. Mo sún ètè jọ.

Ṣi-ṣi-ṣi.

Ṣi-ṣi…

Sàlísù gbé orí sókè.