Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Ò Tíì Gbẹ

Kì í ṣe pé Bàámi ò fẹ́ kí n lọ́kọ. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò tíì rí ọkùnrin tó gún tó. Káfíńtà ni, gbogbo ayé ẹ̀ ló fi yẹ pákó wò bóyá ó wọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí kò rí pákó yẹ̀ wò mọ́, ló bá kọjú sí àwọn tí mo ń mú wálé. Ẹni àkọ́kọ́, ó ní ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹnì kejì ò rẹ́rìn-ín rárá, torí mo ti kìlọ̀ fún un, Bàámi ní ó jọ olè tó ń wá ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí. Èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ, ó sì dá mi lójú pé bí mo bá mú áńgẹ́lì wá, Bàámi á ní ìyẹ́ ẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí mo pàdé Jẹ́jẹ́. Pẹ́ńtà ni. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí kì í kánjú, kì í pariwo, ọ̀dà kì í sì í kán sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ kí Bàámi rí i. Bó bá lé eléyìí náà, mi ò mọ ẹnu tí mo tún máa fi bá a sọ̀rọ̀.

Màámi ló dábàá. Ó ní kí n má mú un wá bí àfẹ́sọ́nà, kí n mú un wá bí òṣìṣẹ́. "Ẹni tó bá kàn jókòó, bàbá ẹ á rí àléébù ẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni yóò máa wò." Ilé ṣáà ń fẹ́ ọ̀dà lóòótọ́. Ọ̀dà ara ògiri ti ń bó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí Bàámi fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, òjò àti oòrùn ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Mo bá sọ fún Bàámi pé wọ́n júwe pẹ́ńtà kan fún mi ládùúgbò, pé iṣẹ́ ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ wá wo iṣẹ́, Bàámi tẹ̀ lé e kiri bí ọlọ́pàá. Ó bi í pé kí ló máa kọ́kọ́ ṣe sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Jẹ́jẹ́ ní òun á fọ̀ ọ́, òun á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, òun á fi sáńpépà ha ara ẹ̀ kóun tó fi epo pákó kùn ún, torí pákó tó bá ti mu omi yó kì í mu epo. Bàámi wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi àti Màámi ń wò wọ́n láti kíṣìnnì, Màámi sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

Ara ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàámi á gbé àga ẹ̀ tẹ̀ lé e láti ògiri kan dé èkejì. Èmi á gbé omi jáde, màá pè é ní "Ọ̀gá pẹ́ńtà," òun náà á pè mí ní "Àǹtí," a ò ní wo ojú ara wa. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù náà sì ń bà mí. Nídìí oúnjẹ, Bàámi ti ń sọ pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́. Mo wá rí i pé bó bá gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, á ní a ti sọ òun di ọ̀bọ, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́ pátápátá. Jẹ́jẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò lè máa purọ́ fún ẹni tóun fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, pé òun á sọ fún un kí iṣẹ́ tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì ní sùúrù.

Ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti dàrú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kun ilẹ̀ onípákó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé lèèyàn ti í bẹ̀rẹ̀, téèyàn á máa fẹ̀yìn rìn títí dé ibi àtẹ̀gùn, téèyàn á sì bá ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàámi ti gbé àga ẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtẹ̀gùn kóun lè máa rí ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, báwọn bá ṣe tán, káwọn gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Pẹ́ńtà mìíràn ì bá ní ó tì o. Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe bàbá ìyàwó? Jẹ́jẹ́ ní, "Ó dáa, sà," ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtẹ̀gùn.

Ó kùn ún, kùn ún, títí ó fi ku ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ níwájú ilẹ̀kùn. Bàámi dìde, ó di ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó pè mí, mo sáré wá láti inú, mo wá kọ́kọ́rọ́ títí, mi ò rí i. Màámi ti ti ilẹ̀kùn pa, ó sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Mo pè é, fóònù ẹ̀ ń dún lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní ló ń sọ pé ìgbàgbé ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Adìẹ ti bà lókùn nìyẹn o, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Irin wà lójú fèrèsé, wọn ò lè gba ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ bẹ Bàámi pé kó tẹ epo náà kọjá, pé òun á tún un kùn. Bàámi wò ó bí ẹni tí wọ́n bú.

"Kí n fi bàtà tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́?"

Ó padà jókòó. Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo na omi àti búrẹ́dì sí wọn láàárín irin fèrèsé, mo sì fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Wọ́n sọ̀rọ̀ igi, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, Bàámi ń gbádùn ara ẹ̀. Ó wá bi í bóyá ó ti níyàwó.

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé bàbá ẹ̀ mọ̀ ẹ́?"

"Ó mọ̀ mí, sà. Kò kàn tíì mọ̀ pé èmi ni."

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Kí lò ń bẹ̀rù? Ta ni bàbá ẹ̀ gan-an?"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyè ò gbà á, àfi kó fi àyà nu epo. Ó bá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Bàámi dìde fùú. Ojú ẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kó máa bínú lọ. Ẹsẹ̀ náà dúró lókè. Ó wo pákó tó ń dán nísàlẹ̀ ẹ̀, bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kàn án, ó sì rọra dá ẹsẹ̀ náà padà síbi tó wà. Ó jókòó.

Ó béèrè ẹni tó gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀bi òun ni, kó má bínú sí ẹlòmíràn. Bàámi wo ilẹ̀kùn tó tì pa yẹn, ó mi orí. Ó mọ ìyàwó ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Màámi dé, tó ṣílẹ̀kùn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bàámi ò wò ó. Jẹ́jẹ́ ló kọjú sí.

"Má wá lọ́la," ló wí. "Mo ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ."

Ògiri iwájú ilé ò tíì rí ọ̀dà kejì, Jẹ́jẹ́ sì ti tẹ orí ba bí ẹni tó gbà fún un. Mo bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń bẹ̀ ẹ́, omijé ti gba ojú mi. Bàámi gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Pẹ́ńtà mìíràn ni yóò parí ẹ̀. Èèyàn kì í gba ọmọ ẹ̀ síṣẹ́, kó tún máa ṣọ́ ọ bí olè."

Kò tètè yé Jẹ́jẹ́. Èmi ló kọ́kọ́ yé, mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Bàámi ní kí n sún sẹ́yìn, kí n má sunkún sórí pákó, kò tíì gbẹ.