Ìwẹ̀ Ìkẹyìn Alhaja Àsíátù

"Èmi nìkan ni màá wẹ̀ wọ́n."

Fatihah fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dí ewúrẹ́ lọ́nà. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó dúró níwájú rẹ̀ wo ara wọn. Garawa omi méjì wà nílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Ẹnìkan kó aṣọ funfun ìsìnkú sí apá, ẹnì kejì gbé abọ́ òwú àti káńfọ̀ dání. Ẹnì kẹta, Yétúndé, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, ó ń dúró.

"Alhaja, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ènìyàn kì í dá òkú wẹ̀," ni èyí tó kó aṣọ sápá wí. "Ẹ jẹ́ ká ràn yín lọ́wọ́. Ìyá yín mà ni."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti pẹ́ tí kò sí obìnrin Mùsùlùmí kan tó kú ní àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kì í ṣe Fatihah ló ṣáájú àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àsàlátù, òun ló sì fi òfin lélẹ̀ fún wọn: kí ẹnìkan máa da omi, kí ẹnìkan máa wẹ̀, kí wọ́n má ṣe tú òkú sí ìhòòhò, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ohun tó bá rí lára rẹ̀. "Ẹni tó bá bo àṣírí òkú," a máa wí fún wọn, "Ọlọ́hun á bo tirẹ̀."

Ìdájí Jímọ̀ yẹn ni Alhaja Àsíátù kú. Ọdún méjì ló lò lórí ibùsùn. Rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gba ohùn rẹ̀ mọ́ ọn. Lèmọ́mù ti ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọn yóò kírun sí i lára.

Àwọn obìnrin náà rò pé ìbànújẹ́ ló ń da Fatihah láàmú. Rárá o, ẹ̀rù ló ń bà á. Egbò wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó jìn débi pé eegun hàn nínú rẹ̀, òmíràn wà ní ìbàdí, àwọn kan sì wà ní gìgísẹ̀. Egbò ìdùbúlẹ̀ ni, èyí tó máa ń jẹ ara aláìsàn tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lójú kan. Ẹni tó bá ti wẹ òkú rí kò ní béèrè ohun tó fà á.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ wá wo Màmá nílé ti ṣàlàyé: ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ máa yí wọn tọ̀sán tòru. Fatihah sì ń yí wọn nígbà náà. Ká sọ tòótọ́, ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Màmá sanra, ẹ̀yìn Fatihah ń ro ó, àwọn ènìyàn sì ń pè é sí wáàsí: lónìí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lọ́la Ayépé, lọ́túnla ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹnìkan. Á tẹ́ ìyá rẹ̀ gbalaja láàárọ̀, á tan tùràrí sínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á lọ. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, bó ṣe fi í sílẹ̀ náà ló máa ń bá a. Nígbà tí egbò kékeré kọ́kọ́ yọ, ó fi oògùn sí i. Nígbà tó di ńlá, ojú tì í láti pe nọ́ọ̀sì. Tùràrí ló fi kún.

Àwọn àlejò máa ń gbóòórùn tùràrí yẹn láti pálọ̀, wọ́n á ní ọmọ yìí mọ ìtọ́jú. "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu," wọ́n á wí, wọ́n á sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Àwọn kan ní àwọn lè máa wá bá a jókòó ti Màmá. Yétúndé pàápàá wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn. Fatihah dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìyá òun ni, òun kò fẹ́ pín láádá òun fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣeé ṣe kó gba ẹlòmíràn láyè lọ́jọ́ yìí. Yétúndé gan-an ni kò fẹ́.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá ọkọ Yétúndé kú sílé Yétúndé. Fatihah ló wẹ̀ ẹ́, ó sì rí egbò lẹ́yìn òkú náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wáàsí ló fi ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gba máìkì níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù, ó ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó sọ pé lọ́jọ́ náà, dájúdájú, wọn yóò bi yín léèrè nípa ìdẹ̀ra. Ó ní ìdẹ̀ra kì í ṣe ilé àti mọ́tò nìkan. Ìyá pàápàá, ìdẹ̀ra ni. Ó ní òun wẹ arúgbó kan láìpẹ́ tí ara rẹ̀ ti ń jẹrà kó tó kú, pé òun kò ní dárúkọ. Ta ló tún ń wá orúkọ? Òkú arúgbó kan ṣoṣo ni wọ́n sin lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin sunkún, wọ́n ní wáàsí náà wọ àwọn lára. Kó tó di Jímọ̀, àwọn àna Yétúndé ti wá kó ẹrù ìyá wọn nílé rẹ̀ pẹ̀lú èébú, ọkọ rẹ̀ pàápàá sì yan án lódì. Láti ìgbà náà ni Yétúndé ti kúrò níjòókòó iwájú, tó ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

"Àǹtí mi!" Zakariyah, àbúrò Fatihah kan ṣoṣo, ló pè é láti pálọ̀. Èkó ló ti wá láàárọ̀ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá. Wọn ò ní pẹ́ẹ́ pèrun."

"Ẹnìkan ṣoṣo, nígbà náà," ni Fatihah wí. Èyí tó kó aṣọ sápá ló ń wò. Ìyẹn kì í ríran láìsí awò, kò sì mú awò wá.

"Kí Yétúndé wọlé," ni ìyẹn dáhùn. "Òun ló lágbára jù. Kí ni ojú tèmi fẹ́ rí?"

Yétúndé ti gbé garawa méjèèjì nílẹ̀. Fatihah yẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Òkú náà wà lórí pátákó tí Zakariyah ti gbé ka orí bẹ́ǹṣì, ìró bò ó láti àyà dé orúnkún. Wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun, wọ́n ṣe àlùwàlá fún un. Yétúndé ń da omi, Fatihah ń wẹ̀. Ó fọ irun funfun náà títí, ó dì í. Ó wẹ ojú náà, ó tún un wẹ̀. Ó ń fọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ẹ̀yìn kò lè wẹ iwájú títí ayé.

"Ó kù ká yí wọn," ni Yétúndé wí.

Kò dúró de èsì. Ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ èjìká, ó ki èkejì bọ abẹ́ ìbàdí, ó sì yí Alhaja Àsíátù sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò gbà á lágbára rárá. Ìyá tó sanra lọ́jọ́sí ti gbẹ, ó ku awọ àti eegun. Fatihah rí i bó ṣe rọrùn tó, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Yétúndé rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Omi ń kán láti orí pátákó. Fatihah ń retí igbe. Ó ń retí kó pòṣé, kó pe àwọn tó wà níta, kó rẹ́rìn-ín pàápàá, nítorí ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Yétúndé ki ẹ̀yìn ọwọ́ bọ inú garawa. Ó bu omi tútù díẹ̀ lù ú, ó tún tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ń dà á sórí egbò náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì lè ta ìyá náà lára.

"Sọ̀rọ̀," ni Fatihah wí.

"Ẹ fún mi lówùú."

Fatihah gbé òwú fún un. Níbi tó ti na ọwọ́ ni Súrà Káfì ti sọ sí i lọ́kàn, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń jókòó ti ibùsùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, tó máa ń ka súrà náà sí ìyá rẹ̀ létí, tó sì máa ń túmọ̀ rẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò àpáta fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ń yí wọn sí ọ̀tún, tó ń yí wọn sí òsì. Ó ní ẹ wo ìkẹ́, ẹ wo ìdẹ̀ra. Á ka á tán, á pa Kùránì dé, á dìde. Ìyá rẹ̀ tó wà ní gbalaja kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Dókítà ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó di ògiri mú. Yétúndé dí àwọn egbò náà, ó fi káńfọ̀ sí wọn, ó sì ní kí Fatihah gba ẹsẹ̀ òkú mú kí àwọn fi aṣọ dì í.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá àgbà kan nínú àwọn tó wá kí wọn béèrè ohun tí kò yẹ kí ènìyàn béèrè. "Báwo lara wọn ṣe rí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Yétúndé.

"Ara wọn mọ́," ni ó wí. "Wọ́n dà bí ẹni tó sùn."

"Máṣà Àlláhù!" ni wọ́n wí.

Ó yẹ kí ọkàn Fatihah balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹ̀yìn làwọn obìnrin wà nígbà tí wọ́n kírun sí òkú lára tán, ó sì ń gbọ́ Lèmọ́mù nínú ẹ̀rọ tó ń sọ fún gbogbo jàmáà pé ìyá ẹni ni ẹnu ọ̀nà àlùjánnà, pé àwọn mọ ọmọ kan ní ìlú yìí tó di ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ mú fún ọdún méjì, tí kò jẹ́ kó bọ́. Àmín tí wọ́n ṣe pọ̀. Ìyá tí kò lè fọhùn fún ọdún méjì, Fatihah mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fọhùn.

Wọ́n gbé òkú lọ sí itẹ́. Fatihah bá Yétúndé lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ garawa.

"Yétúndé, wáàsí ọjọ́sí yẹn. Forí jì mí, nítorí Ọlọ́hun."

"Mo ti yọ̀ǹda yín, Alhaja. Ó ti pẹ́." Ó da omi garawa nù. "Mo máa ń yí ìyá ọkọ mi. Lóru, màá dìde, màá yí wọn. Egbò yẹn ti wà lára wọn kí àwọn ọmọ wọn tó gbé wọn wá bá mi láti Ayépé. Mò ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò san ni."

Fatihah sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ṣé kí n dúró láàárín àsàlátù kí n máa ṣàlàyé ẹ̀yìn òkú?" Ó da ojú garawa dé ilẹ̀. "Ẹ lọ jókòó, Alhaja. Àwọn ènìyàn ń dé."

Àwọn ènìyàn ń dé lóòótọ́. Pálọ̀ ti kún nígbà tí Zakariyah padà, yẹ̀pẹ̀ pupa wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"A tẹ́ wọn dáadáa, Àǹtí mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la fi tẹ́ wọn, ojú wọn kọ gábàsì. Èmi fúnra mi ni mo ki yẹ̀pẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n má baà yẹ̀."

"Ṣé o rọra kì í?"

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Mo rọra."

"Ẹ kú ìtọ́jú Màmá," ni obìnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ kú làálàá. Ẹ tọ́jú wọn, ẹ ṣe bí ọmọ."

"Mi ò tọ́jú wọn," ni Fatihah wí.

Àwọn tó wà ní pálọ̀ yíjú sí i.

"Mi ò yí wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lójú kan, mo ń lọ ṣe wáàsí. Ara wọn jẹrà. Èmi ni mo ṣe é."

Zakariyah fọwọ́ bo ojú, ó bú sẹ́kún. Obìnrin náà gbá Fatihah mọ́ra, omi ń dà lójú òun náà. "Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọ rere ń wí!" ló ké sí àwọn yòókù. "Gbogbo ohun tó ṣe yìí, kò tó lójú ẹ̀! Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́hun rèé o!" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́hun fún àwọn náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kó fi ṣe wáàsí ní fìdáù.

Fatihah tún la ẹnu, ó rí ojú wọn, ó sì pa á dé. Ó yé e pé bó ṣe wù kóun sọ ọ́ tó, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ lọ́wọ́ òun nínú ilé yìí, àti pé ẹjọ́ náà á máa dúró de òun títí di ọjọ́ tí wọn yóò bi òun léèrè. Wọ́n gbé omi tútù fún un. Ó gbà á, ó gbé e lé orúnkún, kò lè mu ún.