Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Ọwọ́ Nínú

Kò sí ẹni tó mọ ìwé eré náà tó Kásẹ́ẹ̀tì. Tíṣà eré ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí o bá ti tọ́ka sí ojú ewé kan, ọmọbìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìwo ìwé, ọ̀rọ̀ tọkùnrin tobìnrin. Ohun tó kó bá a náà nìyẹn. Nígbà tí tíṣà ń pín ipò, ó ní ẹni tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ni kó dúró lẹ́yìn, kó máa rán àwọn tó bá gbàgbé létí. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: ẹ̀bùn tí ì bá gbé e dé orí ìtàgé ló tún tì í sẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Káfíńtà ni, kò sì ka ohun tí kò ṣeé fọwọ́ bà sí iṣẹ́. Ó ti gba fọ́ọ̀mù tí yóò fi mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì eré lọ sí ti sáyẹ́ǹsì, ó ká a sápò. Ó ní òun á wá wòran lọ́jọ́ Ẹtì. Bí òun kò bá rí i lórí ìtàgé, òun á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Ajé. Òun náà ló sì bá ilé ìwé wọn kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń lò nínú eré náà. Ọwọ́ ìta nìkan ló fi sí i, ó ní ta ló fẹ́ rí ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ọ̀hún ni Kásẹ́ẹ̀tì jókòó sí lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé lórí itan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ télọ̀, ló ń ṣe ọmọ tí ìyá rẹ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ síta. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀bẹ̀, ó sì dákẹ́.

Òfin iṣẹ́ Kásẹ́ẹ̀tì ni kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó sọ̀rọ̀. Ó kà á, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ télọ̀ kò gbin. Ó tún un sọ, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tí Kásẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tó ń wá tọ́ọ̀ṣì kiri, tíṣà ti ní kí ọmọ télọ̀ dákẹ́ pẹ́ níbẹ̀, kí ara lè ta àwọn òǹwòran. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún ẹni ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kásẹ́ẹ̀tì rò pé ó ti gbàgbé pátápátá, ohùn sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ẹ má bínú mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Lójú wọn, ìyá tó tìlẹ̀kùn ló wà nínú ilé, kí ló wá dé tí òun náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i? Ẹnì kan fọn imú. Ọmọ télọ̀, tí orí tiẹ̀ náà ti dàrú, gbórí lé ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún gidi. Ìtìjú bo Kásẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ sá jáde, ilẹ̀kùn náà sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà, ó fọwọ́ wá ara rẹ̀ kiri, kò rí ibi tó máa dì mú.

Lẹ́yìn eré, ó bi tíṣà bóyá òun bà á jẹ́ ni àbí òun tún un ṣe. Tíṣà ní òun náà kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n wọn á tún eré náà ṣe lọ́la, kó tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, nígbà tí wọ́n dé ìkóríta kejì, bàbá rẹ̀ bi í léèrè.

"Ìyá tó wà nínú ilé yẹn, ta ni?"

"Èmi ni, bàbá mi. Mo ṣèèṣì ni."

"Ohùn yẹn dùn mí wọra. Kí ló dé tí o ò ṣílẹ̀kùn kí o jáde?"

"Ẹ ò fi ọwọ́ sí i nínú."

Bàbá yíjú sọ́nà, ó ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i, kò sì mọ èwo ni kóun ṣe, ó kàn ń tẹ̀ lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tètè dé gbọ̀ngàn, ó sì bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń kan ọwọ́ tuntun mọ́ ọn nínú. Ó dán an wò, ilẹ̀kùn náà ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó bá yọ bébà kan lápò, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ ẹ̀yìn irin àgbékọ́ tó gbé ilẹ̀kùn dúró, ó sì fi ìṣó há a mọ́bẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rí òǹtẹ̀ ilé ìwé létí bébà náà, ó sì mọ̀ pé fọ́ọ̀mù sáyẹ́ǹsì ni.

"Ṣí i wò," ni bàbá rẹ̀ wí.

Kásẹ́ẹ̀tì di ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun náà mú. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kóun rín àbí ẹkún ni kóun sun. Ó ṣí i, ó sì bọ́ sórí ìtàgé.