Ṣáàfù Tí Bàbá Tokuji Dá Padà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ òkè wo abẹ́ mọ́tò Bàbá Tokuji, tó sì mirí. Rọ́bà tó bo ṣáàfù iwájú lápá òsì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí táyà, ti ya. Gíríìsì inú rẹ̀ ti tú dànù, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti ráyè wọlé, orí ṣáàfù náà sì ti jẹ. Tí wọ́n bá ti yí ọwọ́ mọ́tò báyìí láti kọ́nà, á máa dún ká-ká-ká-ká. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìjọba ṣe àyẹ̀wò mọ́tò náà, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dún méjì-méjì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi," ni mẹkáníìkì náà wí. "Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀yin náà, ẹ ti gbìyànjú."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo ẹ̀rọ oko ápù abúlé náà ṣe kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ yìí dáadáa, òun ni wọ́n ń sọ fún pé kó lọ sinmi. Inú bí Bàbá Tokuji débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀, kò sì padà lọ mú un.

Ìròyìn ti dé etí Chizuru ní ìlú Sendai kí Bàbá Tokuji tó délé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bó ṣe gbé fóònù ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi, tí mọ́tò yẹn ò bá yege, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé ìwakọ̀ yín padà fún àwọn ọlọ́pàá. A ti jọ fẹnu kò lé e lórí."

"Ìwọ àti ta lẹ jọ fẹnu kò?"

"Bàbá mi o."

"Kí n wá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ, àbí? Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti dá dúró láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣé ó ti padà dé ni?"

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà wà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Fusae, ìyàwó Bàbá Tokuji, wà, ẹ̀yìn òkè ni, ogójì ìṣẹ́jú tí èèyàn bá wakọ̀. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Tokuji ń lọ, òjò ni o, yìnyín ni o. Fusae ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ó ti gbàgbé Chizuru. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé Bàbá Tokuji, ọkọ rẹ̀ sì ń fi èyí yangàn níbi gbogbo tó bá dé. Àwọn olùtọ́jú ló sọ fún un. "Ẹ ò tíì wọ géètì ni ìyá ti gbọ́ mọ́tò yín. Wọ́n á dìde, wọ́n á fọwọ́ tọ́ irun, wọ́n á ní, 'Bàbá Chizuru ti dé.'" Tó bá sì gbójú sókè láti inú mọ́tò, lóòótọ́, á rí i lójú fèrèsé òkè, tó ń jùwọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Fusae ṣì í mọ̀, nínú oṣù kìíní, nígbà tí bátìrì mọ́tò kú tí Ebina aládùúgbò fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ gbé e lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Fusae wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í pé ọmọ ilé wo ni. Ebina ló rí èébú jẹ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Bàbá Tokuji ní òórùn ẹja inú ọkọ̀ rẹ̀ ló da orí ìyàwó òun rú.

Nítorí náà, ó pinnu pé òun á pààrọ̀ ṣáàfù náà fúnra òun, nílé. Ó pe àwọn tó ń tún ṣáàfù àlòkù ṣe. Wọ́n ní àwọn á fi èyí tó ti padà bọ̀ sípò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan wà: kó kó èyí tó bàjẹ́ sínú páálí kan náà, kó fi ránṣẹ́ padà, káwọn lè tún un ṣe fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ò le. Kí ló fẹ́ fi irin tó ti kú ṣe?

Ó fi jáàkì gbé mọ́tò lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó ápù sí, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ sì kọ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàrin táyà ti dógùn-ún mọ́ ibẹ̀. Ó da epo sí i. Ó fi sípánà bọ̀ ọ́, ó ki páìpù gígùn bọ sípánà, ó fi gbogbo ara tì í. Kò mì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tì í títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi wú débi pé kò lè gbé ife tíì dénu. Nọ́ọ̀tì tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní ogójì ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá yí i! Ó jókòó sórí páálí, ó sunkún. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ebina yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń tún mọ́tò ṣe ni, àbí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Wá gun páìpù yìí."

"Èmi tí mo tóbi tó báyìí?"

"Kí ni mo ṣe ń pè ọ́ nígbà náà?"

Ebina di àtíbàbà mú, ó gun orí páìpù, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì. Gbàà! Bàbá Tokuji rò pé páìpù ló dá. Àṣé nọ́ọ̀tì ló gbà. Àwọn méjèèjì hó yèè bí ọmọdé. Láti ibẹ̀, wọ́n fi hámà lu oríkèé táyà títí ó fi yọ, wọ́n wá fa ṣáàfù náà jáde nínú àpótí jíà. Epo inú rẹ̀ ń ṣàn bọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n máa gbé sábẹ́ rẹ̀ àfi ọpọ́n tí Fusae fi ń rẹ ẹ̀fọ́ sínú iyọ̀ nígbà òtútù. Bàbá Tokuji wo ọpọ́n náà díẹ̀ kó tó gbé e sábẹ́. Ká ní Fusae wà nílé ni, abúlé á gbọ́.

Ó gbé ṣáàfù àtijọ́ lọ́wọ́, ó yí orí rẹ̀. Ká-ká-ká.

"Ẹ fún mi, kí n fi ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi mi," ni Ebina wí.

"Ó ti ní ibi tó ń lọ."

Wọ́n ki èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i bọ̀ ọ́. Ó ṣe ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dì í tán. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń gbé ẹrù kiri wá, ó tẹrí ba, ó gbé páálí tí ṣáàfù àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an, mọ́tò yege àyẹ̀wò. Bàbá Tokuji gba ìwé rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yẹn kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ó tún pe Chizuru. "Ọdún méjì gbáko!" ló ń pariwo lórí fóònù. "Ọdún méjì gbáko ni wọ́n tún fún mi!" Chizuru náà ò mọ̀gbà tóun rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kejì ìyẹn, ó wọ aṣọ òtútù rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó mú ápù méjì, ó gba orí òkè lọ. Nígbà tó dé ibi kọ́nà géètì, ó yí ọwọ́ mọ́tò sí òsì tán pátápátá. Kò dún rárá. Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan. Ó gbójú sókè.

Kò sẹ́ni lójú fèrèsé.

"Háà, Bàbá!" ni Shiori, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Fusae, wí nígbà tó gòkè dé. "Ìgbà wo lẹ dé? A ò tiẹ̀ gbọ́ yín."

Fusae jókòó sórí àga, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ó tẹrí ba fún un bí èèyàn ṣe ń tẹrí ba fún àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ta lẹ wá kí?"

"Ìyá Chizuru, èmi ni. Tokuji."

"Orúkọ yẹn mà dáa o," ni Fusae wí.

Shiori fa Bàbá Tokuji sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò fẹ́ kí ojú tì í. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé mọ́tò mìíràn lẹ gbé wá ni? Torí ìyẹn tó máa ń dún ká-ká-ká ní kọ́nà yẹn, òun gan-an ni ìyá máa ń gbọ́ tí wọ́n fi ń dìde."

Bàbá Tokuji sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó pe àwọn oníṣáàfù. Ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù.

"Èyí tí ẹ dá padà? Háà, a ti tú u, Bàbá. A ti kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, a ti fi tuntun sí i. Ṣé èyí tí a fi ránṣẹ́ ò dáa ni?"

"Ó dáa," ni Bàbá Tokuji wí. "Ó dáa gan-an." Ó wo táyà iwájú. "Ṣé ẹ ní òmíràn níbẹ̀ tó ti bàjẹ́, tẹ́ ẹ lè tà fún mi?"

Ọmọbìnrin náà rọra rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí tó dáa nìkan là ń tà."

Ó wọ mọ́tò, ó yí ọwọ́ rẹ̀ tán sí òsì, ó ń yí po nínú ọgbà ibẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń bẹ irin. "Dún, jọ̀ọ́. Dún lẹ́ẹ̀kan péré." Irin tó ti fi omijé tún ṣe ò dá a lóhùn. Ó pa mọ́tò, ó tún gòkè lọ.

"Ẹ tún padà wá?" ni Fusae wí. "Wọn ò tíì bá yín rí ẹni tẹ́ ẹ wá kí?"

"Wọn ò tíì rí i."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wá jókòó. Èmi náà ń retí Bàbá Chizuru ni."

Ó jókòó. Ó bó ápù, ó gé e wẹ́wẹ́ fún un, Fusae sì jẹ ẹ́. Ìgbà tó yá, Bàbá Tokuji kò lè mú un mọ́ra. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ahọ́n dún bíi mọ́tò náà, kíkankíkan: ká-ká-ká-ká.

Fusae gbọ́wọ́ sókè, ojú rẹ̀ le.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pariwo. Tí mọ́tò rẹ̀ bá dé, mi ò ní gbọ́."

Bàbá Tokuji kọjú sí fèrèsé bíi tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì tẹ́tí sí ibi kọ́nà.