Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gágun

Ìyá Gọ́ọ̀mù kì í ka ìwé, rírán ló máa ń rán an. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, láàárín abẹ́rẹ́, òwú àti agolo gọ́ọ̀mù tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé tó bá ti já, òun ló ń tún un dì. Lọ́dún tó kọjá ó lẹ èèpo ẹ̀yìn ìwé kan sódì, orí wá di ìdí. Ọ̀gá ilé ìkàwé ò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn sọ pé bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun á máa kó ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ dì í.

Irú ẹ̀ ti wá tún ṣẹlẹ̀ o, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé ìtàn méjì láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, lẹ́tà wọn jọra, bébà wọn jọra. Tábìlì kan náà ló tú wọn palẹ̀ sí, ọjọ́ kan náà ló sì rán wọn. Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sẹ́yìn ìdì bébà kọ̀ọ̀kan: òdo fún ìwé kan, àgbélébùú fún èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ibi tó ti ń wá abẹ́rẹ́ tó gbàgbé sínú èyí tó wà nílẹ̀ ló ti rí i pé òdo ló wà níwájú, òdo ló wà lẹ́yìn, àgbélébùú ló jókòó sáàárín. Èkejì sì rèé, ó ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín ẹgbẹ́ òǹkàwé ilé ìkàwé náà. Kó lè dá a lójú, ó jókòó, ó ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti páálí dé páálí. Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tó máa kà tán láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ní Sátidé tí ẹgbẹ́ máa jókòó sọ̀rọ̀ lórí èkejì, ó ki ti ọwọ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó mú un.

Àmọ́ lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní òun kórìíra ìwé náà dé mùdùnmúdùn eegun. Gbogbo ojú-ìwé ni yìnyín, ẹnì kan ṣoṣo á ní orúkọ mẹ́rin, wọ́n á sì fi ojú-ìwé mẹ́wàá ronú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ibi tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń jà lórí màlúù nìkan ló dùn mọ́ òun. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní tòun yàtọ̀, ẹkún lòun fi kà á. Ó ní ọ̀gágun tó wà lórí àìsàn, tó tún dìde lọ jà lórí màlúù, kí wọ́n tó wá sin ín, ayé ọmọ ẹ̀dá gan-an nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìkàwé mi orí, ó ní ìgbà tí òun kà á lẹ́ẹ̀kejì ni ìtumọ̀ màlúù náà tó yé òun.

Ẹ̀rín ń pa Ìyá Gọ́ọ̀mù, ẹ̀rù ń bà á. Ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gágun ò ní màlúù kankan. Inú ìwé mìíràn ni màlúù yẹn ti wá. Èmi ni mo rán wọn pọ̀.”

Lọ́yà ní òun rò pé ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́rin ọ̀gágun ni ẹ̀gbọ́n tó ń jà yẹn ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rò ó. Ni wọ́n bá yíjú sí ọ̀gá tó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá nu awò ojú rẹ̀, ó nu ún títí, ó wá ní àṣìṣe ò ní kó má sí nínú iṣẹ́ ọwọ́. Kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ta ló máa lé aránwèé lọ, kí wọ́n wá bi í léèrè bó ṣe ka màlúù lẹ́ẹ̀mejì?

“Ìyá Gọ́ọ̀mù, ẹ dákun,” nọ́ọ̀sì rọra béèrè, “báwo ni ọ̀gágun yẹn ṣe wá kú?”

“Ó ní òtútù ń mú òun lẹ́sẹ̀. Ìyàwó tó ti bá a yan odì láti ọdún méje dìde, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kiri ilé. Kó tó padà dé, ẹ̀mí ti bọ́.”

“Níbo ni ìbọ̀sẹ̀ wà?” lọ́yà béèrè.

“Ẹsẹ̀ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ìyá Gọ́ọ̀mù náà nu ojú. Lọ́yà na ọwọ́ sí ìwé inú báàgì, ó ní òun kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe rán an ni.