Ohun Tí Ìgbìmọ̀ Ìgbéyàwó Gbọ́

Nínú ìjọ tí Ìbíjọkẹ́ ń lọ ní Kétu lọ́dún 2006, kò sí ẹni tí í ṣègbéyàwó láìkọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà gbáko lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Títí oṣù mẹ́fà náà yóò fi pé, àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà kò gbọdọ̀ dá wà nínú yàrá. Ìbíjọkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, ó sì ń dá gbé ní Magodo. Òfin ọmọdé ni ó ka èyí sí. Òun àti Ládé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ń rú u díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí Mummy Clara, alága ìgbìmọ̀ náà, pè é sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Sister Ìbíjọkẹ́, mo gbọ́ pé Ládé wà lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé tó ṣáájú ti àná, láti aago méjì títí di márùn-ún. Ẹ sì ti ilẹ̀kùn."

Ara Ìbíjọkẹ́ bù máṣọ. Ta ló ń ṣọ́ ọ? Láti ọjọ́ náà, ìkíni Vivian, aládùúgbò tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀, kò dùn mọ́ ọn létí mọ́. Nígbà tí Ládé tún wá, tó fẹ́ fà á mọ́ra, ńṣe ló yẹra.

"Rọra. Wọ́n ń wò wá."

"Ta ni?" Ládé rẹ́rìn-ín. "Jọkẹ́, Ọlọ́run nìkan ló ń wò wá."

Ìbíjọkẹ́ lọ bá Nojeem, ẹ̀ṣọ́ tí ń kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ lẹ́nu géètì àdúgbò wọn.

"Nojeem, ta lò ń ka ìwé yìí fún?"

"Háà, Aunty! Èmi kẹ̀? Ìgbà tí mọ́tò wọlé ni mò ń kọ, mi ò kọ ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé o. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́."

Ó ka ọ̀rọ̀ náà sí àfojúdi.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Mummy Clara tún pè é.

"Ọkùnrin tó ti ń pe obìnrin ní 'oyin inú àpáta', ṣé ìyẹn ṣì lè kó ara rẹ̀ níjàánu?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ládé pe Ìbíjọkẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ètè tó kan etí rẹ̀. Fèrèsé kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Géètì kì í gbọ́ ọ.

Ó lọ dúró de Ládé nídìí ọkọ̀ Ládé.

"Ìwọ ni."

Ládé tẹjú mọ́lẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni yóò rí àánú. Gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń lọ rí Mummy Clara. Mo fẹ́ kí ilé wa mọ́ ni."

"Ẹnu tí o fi kàn mí ní Sátidé lo fi ń rojọ́ mi ní Mọ́ńdè?"

"Ẹjọ́ ara tèmi ni mo rò."

"Ara ta ló wà nínú ẹjọ́ náà?"

Ìbíjọkẹ́ wá bi í ní ìbéèrè tó kù. "Bí a bá fẹ́ra tán ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yàrá wa?"

"Bí wọ́n bá bi mí, mi ò lè purọ́."

Ìbíjọkẹ́ wò ó bí ẹni ń wo ilé tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọ̀.

"Má purọ́. Lọ́la Mọ́ńdè, sọ fún Mummy Clara pé mi ò fẹ́ ọ mọ́. Ẹnu rẹ ló ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Kó gbọ́ èyí náà níbẹ̀."